Ẹjọ́ Èéfín Igi àti Ẹ̀dọ̀fóró Wa

Ní Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso, àdúgbò kan wà tí à ń pè ní Zone du Bois. Bois lédè Faransé lè jẹ́ igbó, ó sì lè jẹ́ igi. Igbó wà nítòsí rẹ̀ lóòótọ́: ọgbà Bangr-Weoogo, èyí tí í ṣe Igbó Ìmọ̀ lédè àwọn Mossi. Ní ti igi, òun ló wà nídìí ìkòkò ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú náà, òun sì ni àwọn obìnrin tí ń pọn dolo, ọtí ọkà bàbà, ń dá. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku aṣálẹ̀ a tún dara pọ̀ mọ́ èéfín. Ẹni tó bá rí obìnrin tí ń húkọ́ nídìí irú iná bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ dá ẹjọ́: èéfín ló fà á.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹjọ́ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Àìsàn tí à ń wí ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní COPD, tí ọ̀nà èémí inú ẹ̀dọ̀fóró ń fún díẹ̀díẹ̀ tí kì í sì í padà sí bó ti wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó pa tó mílíọ̀nù 3.5 ènìyàn ní 2021. Ní ìlú àwọn ọlọ́rọ̀, sìgá ló ń fa èyí tó pọ̀ jù. Kí ló ń fà á lọ́dọ̀ tiwa?

Daniel Obaseki, Gregory Erhabor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wádìí rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lábẹ́ ètò àgbáyé tí ń jẹ́ BOLD, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016. Wọn kò dúró de aláìsàn nílé ìwòsàn. Àárín ìlú ni wọ́n ti yan àwọn tó ti pé ẹni 40 ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olúkúlùkù fa èémí sínú, ó sì fi gbogbo agbára fẹ́ ẹ sínú ẹ̀rọ, èyí tó fi iye tó jáde ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ wé gbogbo èyí tó jáde. Wọ́n fún un ní oògùn tí ń la ọ̀nà èémí, ó sì tún fẹ́ ẹ.

Nínú 100, bí 8 ni ọ̀nà èémí wọn ṣì fún lẹ́yìn oògùn. Ṣùgbọ́n bí ẹni 3 péré nínú 1,000 ló ní dókítà ti sọ irú àìsàn bẹ́ẹ̀ fún òun rí. Ẹni 89 nínú 100 kò mu sìgá rí. Èyí tó yani lẹ́nu jù ni pé wọn kò rí i kí igi ìdáná so mọ́ ọn. Àwọn tó ti ní ikọ́ ife tàbí ikọ́ fée rí, àti àwọn tí kò kàwé, ni ó bá jù. Ní 2018, nígbà tí BOLD kó àbájáde àwọn tó lé ní 18,000 láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pọ̀, ọ̀rọ̀ igi ìdáná kò yàtọ̀.

Èyí kò dá èéfín sílẹ̀, lójú tiwa. Níbi tí gbogbo ojú ti rí èéfín, ta ni a ó fi wé ta? Ní Ìbàdàn pàápàá, ìwádìí kan tó jáde ní 2017 lórí aboyún 324 fi hàn pé àwọn tí wọ́n fún ní sítóòfù ẹtanọ́ọ̀lù kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru tó àwọn tó ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná. Ẹ̀ṣẹ̀ èéfín pọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá di gbogbo rẹ̀ rù ú, a ó gbàgbé ikọ́ ife, tó lè lọ kí àpá rẹ̀ kù sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi wọn èémí ní Ifẹ̀ kì í ṣe ẹrù ọkọ̀. Ọwọ́ lásán gbé e. Ó yẹ kó wà níbi tí wọ́n ti ń fún aláìsàn ikọ́ ife lóògùn, ní Ifẹ̀ àti ní Ouagadougou, kí wọ́n fi wọn èémí rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ó ti sàn, kó máa lọ sílé.