Ọrùn Tó Ń Gbé Ẹrù Wa: Ọ̀rọ̀ Ìlera Níbi Àjọ̀dún Ẹgbẹ́

Mo mọ̀ pé ìrẹsì ti jinná lẹ́yìn, n ò ní pẹ́.

Ọ̀rọ̀ òòyì ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti sọ fún mi pé, "Nọ́ọ̀sì, bí mo bá ti sọ ẹrù kalẹ̀ báyìí, òòyì á máa kọ́ mi." Ẹlòmíì ní bí òun bá bojú wo ọ̀tún kóun tó sọdá títì, ojú òun kì í tètè dúró sójú kan. Àwọn kan ti ń sọ pé ayé ló ń ṣe àwọn. Ká tó pe ayé sí i, ẹ jẹ́ ká wo ọrùn ná.

Ẹ gbé àtàǹpàkò yín síwájú ojú. Ẹ máa wò ó, kẹ́ ẹ máa yí orí sọ́tùn-ún, sósì, kíákíá díẹ̀. (Ẹni tí ọrùn ń dùn, kó jókòó jẹ́ẹ́ o.) Ó mọ́ kedere, àbí? Ó yá, ẹ jẹ́ kí orí dúró, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ yẹn síbí, fi sọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ náà. Ó ti di bàìbàì! Ohun tó fà á ni pé bí orí bá yí, ohun kékeré kan wà nínú etí lọ́hùn-ún tó ń sọ fún ọpọlọ, ojú á sì yí sí òdìkejì lójú ẹsẹ̀ kí ohun tí à ń wò má baà sọnù.

Ṣùgbọ́n etí nìkan ò tó. Etí mọ̀ pé orí yí, kò mọ̀ bóyá orí nìkan ni tàbí gbogbo ara. Ọrùn ló mọ ìyẹn. Lábẹ́ ìpàkọ́, àwọn iṣan kéékèèké kan wà níbẹ̀. Ohun tó ń mọ̀ bí iṣan ṣe fà tàbí bó ṣe dẹ̀ pọ̀ nínú wọn gan-an ni, bí a bá fi ìwọ̀n wé ìwọ̀n, ó ju ti iṣan àtàǹpàkò tí a fi ń ka owó lọ. Lọ́dún 1977, P. T. V. M. de Jong àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n gún abẹ́rẹ́ tó ń mú ara kú sí ọrùn, irú èyí tí wọ́n ń gún kí wọ́n tó yọ eyín. Ojú ehoro bẹ̀rẹ̀ sí sáré síbí sọ́hùn-ún fúnra rẹ̀. Àwọn èèyàn tí wọ́n gún fún, ńṣe ni wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni mu ẹmu. Ọrùn nìkan ni wọ́n fọwọ́ kàn o, wọn ò kan etí, wọn ò kan ojú.

Orí wa fúnra rẹ̀ tó kìlógíráàmù 4 sí 5. Ẹ wá gbé agbọ̀n tòmátì lé e. Ẹ ti kíyè sí i pé bí oníbàárà bá pe ẹni tó ru ẹrù lẹ́yìn, kì í bojú wẹ̀yìn? Gbogbo ara ni yóò yí. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ nílé ìwé. Bó bá ṣe èyí láti àárọ̀ dalẹ́, iṣan á le koko, ìròyìn tí ọrùn ń gbé lọ ò ní bá ti etí àti ti ojú mu mọ́. Ẹ wò ó bí akọ̀wé mẹ́ta tí ìwé owó wọn ò dọ́gba. Kí ni akápò fẹ́ sọ? Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2010 láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin Xhosa ní South Africa sọ pé ọrùn dídùn ló ń yọ àwọn tó ń forí ru ẹrù lẹ́nu jù.

Kì í ṣe gbogbo òòyì ló ti ọrùn wá o. Ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Bí ẹnu bá wọ́, tí apá kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, ọsibítù ni wákàtí yẹn gan-an. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ́ ọrùn yín lójijì kó lè dún; iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ lọ sí ọpọlọ lè ya.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, n ò ní kẹ́ ẹ má rù mọ́. Ẹ pín ẹrù sí ọ̀nà méjì. Bẹ́ ẹ bá sọ̀ ọ́, ẹ jókòó díẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọdá títì. Lójú ìsọ̀, ẹ tẹjú mọ́ nǹkan kan, kẹ́ ẹ máa rọra yí orí, ẹ̀ẹ̀mẹwàá láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹwàá nírọ̀lẹ́.

Ìyá Akápò, mo rí yín tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ọmọlanke méjì tí ẹgbẹ́ bá rà fún gbogbo wa, ṣé ó pọ̀ jù? Mo ti gbé ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru wá, ó wà lábẹ́ igi níta. Ẹ wá tò.