Ìdí Tí Sílíkọ́nì Fi Ń Gbé Inú Òtútù

Ní CERN, ibùdó ìwádìí sáyẹ́ǹsì tó wà lẹ́bàá ìlú Geneva, nǹkan bí 200 mítà onígun mẹ́rin sílíkọ́nì ló wà nínú ẹ̀rọ CMS, tó ń tọpa àwọn pátíkù, ìyẹn èérún tó kéré ju átọ́mù lọ, tí ń fọ́n ká nígbà tí àwọn pírótọ́nì bá forí sọ ara wọn. Pátíkù tó bá la sílíkọ́nì kọjá a máa tú iná mànàmáná bíńtín sílẹ̀, èyí tí ẹ̀rọ ń kà, ṣùgbọ́n ìtànṣán àwọn pátíkù yìí kan náà ló ń ba sílíkọ́nì jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nítorí pé ooru ń dá kún ìbàjẹ́ náà, àwọn olùtọ́jú ń mú un tutù gidigidi, kódà nígbà tí kò bá ṣiṣẹ́ pàápàá. Ọ̀rinrin ni ọ̀tá kejì: bí omi ṣe ń sẹ̀ sára ìgò míníràlì tútù ní ìlú Ìtòrí ni yóò sẹ̀ sára rẹ̀, bí wọn kò bá máa fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ sí i.