Kónílé-ó-gbélé àti Ẹni Tí Kò Ní Oúnjẹ Nílé

Ọ̀rọ̀ owó ni a bá wá lónìí. A máa ń gbọ́ ọ láàárín ara wa níhìn-ín ní East Flatbush pé ìyà kan náà ni àrùn kòrónà fi jẹ gbogbo ayé ní ọdún 2020. Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa.

Òfin kónílé-ó-gbélé ti New York bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kẹta 2020. Ta ni yóò gbàgbé ariwo ọkọ̀ aláìsàn ní Clarkson Avenue, níbi tí ilé ìwòsàn Kings County àti Downstate ti kọjú síra? A kò sọ pé àrùn náà kéré. A sin ènìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ 27 oṣù kan náà, Ààrẹ Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí òfin owó tó lé ní tiriliọ̀nù 2 dọ́là. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà gba dọ́là 1,200. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ń gba 600 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lé owó àìríṣẹ́ rẹ̀ lórí, títí di ìparí oṣù Keje. Kì í ṣe gbogbo wa ló rí i gbà o. Ẹni tí kò ní ìwé, tó ń wa ọkọ̀ akérò ní Utica Avenue tàbí tó ń tọ́jú arúgbó nílé onílé, kò rí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ọdún 2021 ni ìpínlẹ̀ New York tó ya bílíọ̀nù 2.1 dọ́là sọ́tọ̀ fún irú wọn, kò sì pẹ́ tó fi tán.

Ẹ wá wo ilé. Ààrẹ Buhari pàṣẹ kí wọ́n ti Èkó àti Àbújá pa láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta. Ìpínlẹ̀ Ògùn tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn náà. Ẹ ro ti alágbàfọ̀, bíríkìlà, onímàrúwá, ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀. Bí irú wọn kò bá jáde láàárọ̀, iná kò ní jó lábẹ́ ìkòkò lálẹ́. Ìjọba ní òun yóò fún tálákà ní 20,000 náírà, owó oṣù mẹ́rin. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: 5,000 lóṣù, kò tó dọ́là 15 nígbà náà. Ìdílé mílíọ̀nù 2.6 ló wà nínú ìwé àkọsílẹ̀. Ààrẹ ní kí wọ́n fi mílíọ̀nù 1 kún un, ní orílẹ̀-èdè tí ènìyàn inú rẹ̀ ju igba mílíọ̀nù lọ. Nínú oṣù Kẹrin, àwọn ará Agége ń dáná táyà lójú pópó lóru, wọ́n ń ṣọ́ ilé wọn nítorí olè. Ní oṣù Kẹwàá ni àwọn èrò já wọ ilé ìkẹ́rù kan ní Mazamaza, wọ́n bá oúnjẹ ìrànwọ́ níbẹ̀, tí wọ́n tò jọ gegere.

Ìwà àwọn aláṣẹ wà nínú rẹ̀, a kò ní gbójú fò ó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan. Dọ́là tirẹ̀ ni Amẹ́ríkà ń yá. Dọ́là ẹlòmíràn ni Nàìjíríà ń yá, epo rọ̀bì ló sì fi ń wá a, epo tí kò sẹ́ni tó fẹ́ rà lóṣù Kẹrin ọdún náà. Bílíọ̀nù 3.4 dọ́là ló yá lọ́wọ́ IMF, gbèsè ni.

Ààrẹ Talon ti Benin sọ ọ́ ní gbangba nígbà náà pé orílẹ̀-èdè òun kò ní agbára láti ti gbogbo ènìyàn mọ́lé bí àwọn olówó ti ń ṣe. Ó sé ọ̀nà yí Kútọnu àti Àjàṣẹ́ ká, àmọ́ kò ti aráàlú mọ́lé. A gbóríyìn fún un lórí ìyẹn. Togo náà gbìyànjú: láti ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin 2020 ni wọ́n ti ń fi owó Novissi ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn tí iṣẹ́ wọn dúró ní Lomé, 12,250 fáránkì CFA lóṣù fún obìnrin, 10,500 fún ọkùnrin. Obìnrin ló ń bójú tó ìkòkò, ìdí nìyẹn tí tirẹ̀ fi pọ̀ jù.

Ó wá kan àwa tí a wà níhìn-ín. Bílíọ̀nù 23.8 dọ́là ni wọ́n kà pé ó wọ Nàìjíríà láti òkèèrè ní 2019. Ní 2020, ó di 17.2. Ti Jàmáíkà pọ̀ sí i ní tirẹ̀. Lára ohun tó fà á ni pé iye tí báńkì ń ṣẹ́ dọ́là kéré sí ti ọjà, ọ̀pọ̀ sì gba ọ̀nà ẹ̀yìn, tí ẹnikẹ́ni kò kà.

Ohun tó dùn wá jù ni ti àwọn ìyá tó jẹ ojú owó wọn ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún náà. Owó ìrẹsì tàbí aṣọ tí wọ́n fi ogún ọdún kó jọ ni wọ́n fi ra gàrí. Ìjọba ṣí ọjà, wọn kò ní ohun tí wọn yóò gbé lọ síbẹ̀, gbogbo nǹkan sì ti wọ́n sí i láti ìgbà náà. Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ̀ yín lórí èésú, tí àwọn ará Trinidad tó wà láàárín wa ń pè ní susu. Dọ́là mẹ́wàá lóṣù, kí ẹni tí owó bá kàn fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ṣe ojú owó fún ìyá ọlọ́jà kan tí òun mọ̀ nílé, yálà ní Ìbàdàn tàbí ní Port of Spain. Akọ̀wé ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé; kí ẹ tó jáde, ẹ kọ orúkọ yín, ẹ sì kọ orúkọ ìyá náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.