Mọ́tò Tí Ń Kọ̀ Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan

A mọ̀ pé ó ti rẹ ọ̀pọ̀ nínú yín, nítorí náà a kò ní í pẹ́.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹni tí kò ní mọ́tò kò gbọdọ̀ sùn o. Ẹni tí kò ní mọ́tò a máa wọ mọ́tò lọ sí ọjà. Bí mọ́tò bá sì kọ̀ ní gáréèjì, òun náà ni oòrùn yóò pa.

Àìsàn kan wà tí ó máa ń ṣe mọ́tò, ó sì burú ju kí mọ́tò kú pátápátá lọ. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń yí, ẹ̀ ń gbọ́ ọ, kùrù-kùrù-kùrù, ṣùgbọ́n kò sitáàtì. Ẹ tì í dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Níbẹ̀, bí ẹ ti yí kọ́kọ́rọ́, ó sitáàtì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀! Mẹkáníìkì ní, "Bàbá, kí ló ṣe é? Kò ṣe nǹkan kan." Ẹ padà sí ilé. Ní ọjọ́ kẹta ó tún kọ̀. Mọ́tò tí ó kú pátápátá, mẹkáníìkì yóò rí ohun tí ó pa á. Èyí tí ń kú tí ó sì ń jí ni kò ṣe é mú.

A ó sọ fún yín bí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣe mú un.

Awakọ̀ ni ọkùnrin náà. Ní ọdún 2019 ó ń gbé èrò láti Ìwó lọ sí Ìwó Road ní Ìbàdàn. Ọkọ̀ kékeré kan láti Japan ni ó ń wà, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1992. Ọkọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Ìyá kan tí ń ta aṣọ ni ó ni ín, ojoojúmọ́ ni awakọ̀ yìí sì ń jẹ́ owó fún un. Ní oṣù Kejì ọdún náà, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀. Lọ́jọ́ kan, èrò ti kún ọkọ̀ ní Ìwó Road. Ìyá ọlọ́mọ kan wà níwájú, ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná. Awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́ títí, ọkọ̀ kò gbà. Àwọn èrò sọ̀kalẹ̀, wọ́n gba owó wọn padà. Ìyá ọlọ́mọ náà kò tilẹ̀ bínú, ó kàn gbé ọmọ pọ̀n, ó sì wá ọkọ̀ mìíràn lọ. Awakọ̀ sọ fún wa pé èyí dùn òun ju èébú lọ.

Wọ́n ra bátìrì tuntun. Ọkọ̀ ṣì ń kọ̀. Wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ó ṣì ń kọ̀. Mẹkáníìkì ní pọ́ǹpù epo ni, wọ́n ra pọ́ǹpù epo. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó fi ṣe dáadáa, ó tún kọ̀. Owó jíjẹ́ kò pé mọ́. Nígbà náà ni ìyá tí ó ni ọkọ̀ pè é, ó ní:

"Ìwọ dẹ́rẹ́bà yìí, ṣé ọkọ̀ mi ni kò dára, àbí ọwọ́ rẹ ni kò mọ́? Gbogbo ìgbà tí mo bá wọ ọkọ̀ yìí láàárọ̀, ó ń ṣiṣẹ́."

Ó dáhùn pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ fún mi ní oṣù kan."

"Oṣù kan kẹ̀? Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fún ọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kí o kó kọ́kọ́rọ́ mi wá."

Ó wá sí kíláàsì ní alẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kò lè kàwé. A bi í léèrè, ó sì sọ fún wa. A kì í ṣe mẹkáníìkì. Ohun kan ni a rántí. Nígbà tí a jẹ́ hẹ́dìmásítà, ọmọ kan wà tí ó máa ń pa ilé ìwé jẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá rẹ̀ ní iba ni. Tíṣà rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. A ṣí rẹ́jísítà, a fi ìka tọ àwọn ọjọ́ tí kò wá. Ọjọ́ ọjà ìlú wọn ni gbogbo rẹ̀! Ìyá rẹ̀ ni ó ń mú un lọ láti bá a ru ẹrù. Nítorí náà a sọ fún awakọ̀ pé, "Ra ìwé olójú-ewé 40. Ṣe rẹ́jísítà fún mọ́tò yìí. Ìgbàkígbà tí ó bá kọ̀, kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà tí ó bá gbà, kọ ìyẹn náà." Ó wò wá bí ẹni pé a ń fi òun ṣeré. Ṣùgbọ́n ó ra á.

Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tí ó kọ. A tún lẹ́tà rẹ̀ ṣe díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tirẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ajé. Agogo 1 ọ̀sán. Ìwó Road. Oòrùn. Mo ti páàkì fún wákàtí 2. Epo dé ìdajì. Ó kọ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30 ó gbà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Agogo 2 ọ̀sán. Abẹ́ igi máńgòrò. Wákàtí 2. Ó gbà.

Ọjọ́rú. Agogo 3 ọ̀sán. Ilé mi. Oòrùn. Gíláàsì wà ní títì. Epo kún. Ó kọ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 20 ó gbà.

Ọjọ́bọ̀. Agogo 12. Ojú ọ̀nà. Mo sọ èrò kalẹ̀. Ìṣẹ́jú 2. Ó gbà.

Ọjọ́ Ẹtì. Agogo 7 àárọ̀. Ilé mi. Epo tán. Ó kọ̀. Mo ra epo. Ó gbà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Agogo 2 ọ̀sán. Ìwó. Òjò rọ̀. Wákàtí 2. Ó gbà.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀ pé, a kọ ọ́ sí ojú pátákó, gbogbo kíláàsì sì kà á. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà! Ẹnìkan ní kí ó lọ bọ Ògún. A ní kò burú, ṣùgbọ́n bí ó bá bọ ọ́, kí ó kọ ọjọ́ àti àkókò rẹ̀ sínú ìwé pẹ̀lú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní epo ayédèrú ni. Àwọn yòókù ní rárá, nítorí ọkọ̀ kọ̀ nígbà tí epo dé ìdajì, ó kọ̀ nígbà tí epo kún, ibi tí awakọ̀ sì ti ń rà á kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe àìsàn, ebi ni. Epo ti tán. A fi ìlà pa á.

Ìyá kan tí ń dín àkàrà ni ó kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Ṣé ẹ kò rí i ni? Lábẹ́ igi, ó gbà. Lẹ́yìn òjò, ó gbà. Inú oòrùn ni ó ti ń kọ̀."

Òótọ́ ni. Ìdí nìyí tí ó fi ń gbà lójú Màmá láàárọ̀, tí ó sì ń gbà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì: ìbòji ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́bọ̀ dáadáa. Ọkọ̀ ti sáré láti Ìbàdàn, ẹ́ńjìnnì gbóná gidigidi, ó dúró fún ìṣẹ́jú 2 péré, ó sì gbà. Nítorí náà kì í ṣe ooru ẹ́ńjìnnì ni ó ń ṣe é. Nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, gíláàsì wà ní ṣíṣí, atẹ́gùn ń fẹ́ sí inú ọkọ̀. Ooru inú ọkọ̀ ni, níbi tí èrò ń jókòó sí. Kí ni ó wà nínú ọkọ̀ níbẹ̀ tí ooru lè bà jẹ́?

Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí díẹ̀, kí a sọ ohun tí ẹ́ńjìnnì ń fẹ́. Ẹ̀yin ìyá tí ń dáná mọ̀ ọ́n: bí kò bá sí igi, ààrò kò ní í jó, bí kò bá sí iná, kò ní í jó, bí atẹ́gùn kò bá wọlé, kò ní í jó. Ohun mẹ́ta kan náà ni ẹ́ńjìnnì ń fẹ́: epo, iná, àti atẹ́gùn. Bátìrì àti kíkì sitáátà kò sí nínú mẹ́ta yìí. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n yí ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń yí dáadáa, tí kò fà, bátìrì àti kíkì ti ṣe iṣẹ́ tiwọn. Ẹ má ra bátìrì. Owó tí wọ́n kọ́kọ́ ná sí ọkọ̀ yìí, a fi í ṣòfò ni.

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tí ń lo kọ̀ǹpútà, pọ́ǹpù epo wà nínú táńkì, iná bátìrì ni ó sì ń yí i. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, tí ẹ kò tíì kíìkì, ẹ dákẹ́ kí ẹ fetí sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Nínú púpọ̀ nínú wọn ẹ ó gbọ́ "hùùù" fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 2. Pọ́ǹpù ni. Àpótí kékeré kan tí à ń pè ní rílè ni ó ń ṣí iná fún pọ́ǹpù yìí. Nínú ọkọ̀ awakọ̀ wa, abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni rílè náà wà, inú ooru gan-an.

Awakọ̀ mú ìwé rẹ̀ lọ bá ríwáyà, èyíinì ni ẹni tí ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe. Ríwáyà kà á, ó sì ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi gbé ọkọ̀ yìí sínú oòrùn." Wọ́n ti gbogbo gíláàsì láti agogo 12. Ní agogo 2 wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ kọ̀. Wọ́n fetí sí ẹ̀yìn: kò sí "hùùù". Ó fi gílóòbù wò ó, iná kò dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù. Ó fi wáyà gbé iná fún pọ́ǹpù tààrà, pọ́ǹpù sì dún! Pọ́ǹpù kò ṣe nǹkan kan. Ó ṣeé ṣe kí èyí tí wọ́n yọ dànù náà má ṣe nǹkan kan. Ó tú rílè, ó ṣí i. Òjé tí ó so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti sán yíká, ó tín-ín-rín bí irun. Bí ooru bá mú, ibi sísán yẹn a ya, iná kò ní í kọjá. Bí ó bá tutù, a tún pàdé. Ó fi irin gbígbóná yọ́ òjé tuntun sí i. Iṣẹ́ wákàtí kan kò tó bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tí ń kọ̀ ni ó jẹ́ rílè o. Bí ọkọ̀ yín bá ń kọ̀ ní àárọ̀ tí ìrì tàbí òjò pọ̀, tí ó sì ń gbà nígbà tí oòrùn bá yọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ wáyà púlọ́ọ̀gì wò. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná kí ó tó kọ̀, tí ó sì ń gbà nígbà tí ó bá tutù, àwọn ohun tí ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Bí ó bá jẹ́ orí òkè nìkan, tí epo kò sì pọ̀, ẹ wo táńkì. Àwọn bàbá wa tí wọ́n wa bọ́lẹ̀kájà mọ ti ooru dáadáa: epo a máa hó nínú páìpù, wọn a sì fi aṣọ tútù wé pọ́ǹpù. Ní ti imú, ẹ lò ó. Bí ọkọ̀ bá kọ̀ tí òórùn epo sì ń jáde, epo ń dé, iná ni kí ẹ fura sí. Bí kò bá sí òórùn rárá, ẹ wá ọ̀nà epo lọ.

Ẹ má kíìkì títí bátìrì yóò fi kú. Ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá 10 ti tó. Ẹ dúró kí ó sinmi. Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ di wáyà púlọ́ọ̀gì mú, iná ibẹ̀ lágbára. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣáná níbi tí epo ti ń rùn.

Awakọ̀ wa kọ ìwé rẹ̀ fún oṣù kan sí i. Lójoojúmọ́ ni ó ń kọ ọ́: oòrùn, ó gbà. Oòrùn, ó gbà. Ó mú ìwé náà lọ fún Màmá. Màmá kò mọ̀wé, ó ní kí ó kà á fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kà á tán. Màmá béèrè pé, "Pọ́ǹpù mi tí wọ́n yọ dà?" Mẹkáníìkì ti tà á.

Ní ọjọ́bọ̀, kí olúkúlùkù mú ìwé ìkọ̀wé kan àti lẹ́ẹ̀dì kan wá. A ó fa ìlà mẹ́fà sí ojú ewé kìíní: ọjọ́, agogo, ibi, oòrùn tàbí òjò, epo, ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò ní mọ́tò lè kọ ti ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀, tàbí ti jẹnẹrétọ̀.