Oúnjẹ Òòjọ́ Ni Ìdánwò Ìgbàgbọ́ Wa

(Ọ̀rọ̀ ìyànjú tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́, tí a tẹ̀ síbí fún àwọn tí kò ráyè wá)

   

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ gbé yẹ̀wò lónìí kò jìnnà sí wa rárá. Láàárọ̀ kùtù, kí a tó ṣí ìsọ̀, ohun kan ṣoṣo ló máa ń wà lọ́kàn wa: ṣé a ó rí tà lónìí? Òṣìṣẹ́ ìjọba, bí owó oṣù rẹ̀ bá tiẹ̀ pẹ́, ó mọ iye tó ń retí. Àwa kò mọ̀. Ohun tí a bá tà lónìí la fi ń se ọbẹ̀ alẹ́, òun la fi ń dá àjọ, òun náà la ó tún fi ra ọjà ọ̀la. Ìdí nìyí tí àdúrà oúnjẹ òòjọ́ fi yé ọlọ́jà dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nínú aginjù. Wọ́n kúrò ní Íjíbítì, oúnjẹ tán lọ́wọ́ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọlọ́run wá rọ mánà fún wọn. Ìtàn náà wà nínú ìwé Ẹ́kísódù orí 16. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí náà mọ̀ ọ́n, nítorí ó wà nínú Àlùkùránì, ní Súrátùl-Bákárà, mánà àti ẹyẹ salwa tí Ọlọ́run fi bọ́ wọn.

Àárọ̀ ni wọ́n ń ṣa mánà. Bí oòrùn bá ti mú, ó ti yọ́ nìyẹn. Ọlọ́run rọ̀ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ kò bù ú sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu lórí ibùsùn. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run, kó wá máa sùn di aago mẹ́wàá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í kíyè sí nìyí: Bíbélì sọ pé mánà yẹn gan-an ni Ọlọ́run fi dán wọn wò. Ebi nìkan kọ́ ni ìdánwò, oúnjẹ náà ìdánwò ni. Àwa a máa rò pé ọjọ́ tí ọjà kò bá tà nìkan ni ìgbàgbọ́ wa wà lórí ìwọ̀n. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ọjọ́ tó tà wàràwàrà náà, Ọlọ́run ń wò wá.

Ìdánwò kìn-ín-ní ni ti ojúkòkòrò. Wọ́n ní kí wọ́n má ṣẹ́ mánà kù di ọjọ́ kejì. Àwọn kan kò gbà, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó bá ń yọ ìdin, ó ń rùn. Ẹ̀yin alátòmátì, ẹ̀yin ẹlẹ́fọ̀ọ́, ẹ ò ní kí a ṣàlàyé ìyẹn fún yín. Alájàpá tó ra àgbàdo nígbà tó pọ̀, tó kó o pa mọ́ di ẹ̀ẹ̀rùn, iṣẹ́ ló ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí i pé gààrí wọ́n nílùú, tó wá gbé àpò tirẹ̀ sá sẹ́yìn ilé kí ebi lè túbọ̀ pa aráàlú, kí owó rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì, ìdin ti wọ inú èrè yẹn.

Ìdánwò kejì ni ti òṣùwọ̀n. Ómérì kan ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, ẹni tó kó púpọ̀ kò ní àṣẹ́kù, ẹni tó kó díẹ̀ kò ṣaláìní. Ẹ wá jẹ́ ká wo kóńgò wa. Ẹni tó tẹ ìdí kóńgò wọnú, ohun tó ń sọ fún Ọlọ́run ni pé, “Èyí tí O fún mi kò tó, n ó jí díẹ̀ mọ́ ọn.” Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Wọn kò sọ ọ́ kí a lè máa ta èké o. Ẹ̀dùn ọkàn ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ìdánwò kẹta ni ti ìpamọ́ tó tọ́. Ní ọjọ́ kẹfà, ìlọ́po méjì ni wọ́n kó, kò sì bàjẹ́, torí pé ọjọ́ keje, ọjọ́ ìsinmi, kò ní sí mánà nílẹ̀. Ẹ rí i pé Ọlọ́run kò kọ ìpamọ́. Àjọ tí à ń dá, ọgbọ́n ọjọ́ kẹfà ni. Ìdí nìyẹn tí orúkọ Alájọ Ṣómólú, tó jáde láyé lọ́dún 2012, fi di àpèjúwe lẹ́nu wa. Bí a bá fẹ́ yin ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ pé, a ní orí ẹ pé bíi ti Alájọ Ṣómólú. Àwọn èèyàn ní ó ń gba àjọ láì kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì ṣì í san. Ẹni tó lè fi owó ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn sọ́wọ́, kó má nà án, ó yege ìdánwò.

Ọjọ́ tí kò bá sí nílẹ̀ rárá wá ńkọ́? A kò tíì gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó igba, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún náírà. Owó bébà wọ́n bí ojú. Owó wà ní báńkì, kò sí lọ́wọ́. Oníbàárà á dúró níwájú igbá, á máa wo ẹ̀fọ́, kò ní rí owó fi rà á. Tíránsífà kò wọlé. Tòmátì ń rà nínú apẹ̀rẹ̀. Owó di ọjà tí wọ́n ń tà fún ni nídìí P.O.S. Ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 2023 ni Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́ di òpin ọdún náà.

Láàárín ìgbà yẹn, a rí oríṣi ọlọ́jà méjì. A rí èyí tó bu owó lé ọjà fún ẹni tó fẹ́ fi tíránsífà san. A sì rí èyí tó gbé ẹ̀fọ́ àti ata fún oníbàárà láwìn, tó kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn páálí, tó ní, “Ẹ lọ sebẹ̀ fáwọn ọmọ ná.” A kò ní parọ́ pé gbogbo gbèsè yẹn ló wọlé. Àwọn kan jẹ ẹ́ gbé. Àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó jẹun láwìn nígbà yẹn di oníbàárà tí kò kọjá ìsọ̀ náà mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni opó Sáréfátì nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí 17. Ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun kan àti òróró díẹ̀ ló kù ú kù, ó sì bù fún Èlíjà níbẹ̀. Ìkòkò rẹ̀ kò kún lójijì o. Kò ṣáà tán ni. Ojoojúmọ́ ló ń débẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń bá a.

Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún opó tí ọjà rẹ̀ bàjẹ́ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré. Àwọn tó gbàdúrà náà pàdánù ọjà. Kàkà ká máa dá a lẹ́jọ́, ká bi ara wa pé ta ni Ọlọ́run fẹ́ fi bọ́ ọ. Nígbà púpọ̀, ọwọ́ tí Ọlọ́run fi ń pèsè ni ọwọ́ ẹni tó wà ní ìsọ̀ kejì.

Ẹ jẹ́ ká mú nǹkan mẹ́ta lọ sílé. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ká yẹ ìdí kóńgò wa wò. Bí ìsọ̀ ẹnì kan bá tì fún ọjọ́ mẹ́ta, ká yà nílé rẹ̀, ká má lọ lọ́wọ́ òfo. Bí ọjà bá sì dẹnu kọlẹ̀, ká má fi ìpayà sáré lọ gba owó èlé ojoojúmọ́ tí yóò gbé igbá àti àtẹ lọ. Ká kọ́kọ́ sọ fún ẹgbẹ́.

Ogójì ọdún ni wọ́n fi jẹ mánà, títí wọ́n fi jẹ èso ilẹ̀ Kénáánì. Kò sẹ́ni tí mánà sọ di olówó, àmọ́ àràárọ̀ ni wọ́n ń kọ́ láti gbára lé Ẹni tó ń rọ̀ ọ́. Bí à ṣe ń dá àjọ ni ìgbàgbọ́ ṣe ń dàgbà, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́.

Ọlọ́run tó pèsè fún wa lánàá kò ní fi tòní dù wá. Ọjà wa kò ní kùtà, iná kò ní jó ìsọ̀ wa, a kò ní tọrọ jẹ.