Ẹ Jẹ́ Ká Máa Kàwé Ìtàn Fọ́mọ Nílé

 

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí kò tíì wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la mú wá. Wàhálà ilẹ̀ tó bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìlobùú àti Ìfọ́n ní 2025 ṣojú wọn. Bí a kò bá fún wọn ní ìtàn mìíràn, ìtàn ìjà ni wọn yóò gbọ́ dàgbà.

Ìtàn Ìjàpá kan náà la jọ ń pa nílùú méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká ra ìwé ìtàn aláwòrán, ká máa kà á fọ́mọ ní Yorùbá lálaalẹ́. Kò ní pa Gẹ̀ẹ́sì wọn lára. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Ifẹ̀ fọ́dún mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà mọ̀wé ju ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì.

Òbí tí kò mọ̀wé kà, kó ṣáà ṣí ìwé, kó na ìka sí àwòrán, kó béèrè pé, “Kí lo rí?” Ọmọ á sọ̀rọ̀.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.