Ẹnu àti Ohùn Nínú Fíìmù

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí dà bí iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, ẹ sì lè bi mí pé kí ni olùkọ́ èdè ń wá níbẹ̀. Ìdáhùn mi kò jìnnà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń gbé kámẹ́rà lọ sí ìgbèríko láti gba ìjálá, ẹ̀sà, ẹkún ìyàwó àti ìtàn ìdílé sílẹ̀. Bí àgbàlagbà tí ó sọ ọ́ bá ti papò dà, fáìlì tí a dì sílẹ̀ ni ẹ̀rí tí ó kù. Bí a bá ba ohùn inú rẹ̀ jẹ́ níbi tí a ti rò pé à ń tún un ṣe, kò sí ẹni tí a ó tún padà lọ bi.

Ohun méjì ni kí a yẹ̀ wò: èkíní ni mímú ohùn bá àwòrán rìn, èkejì ni fífọ ohùn mọ́ láìfọ ọ̀rọ̀ dànù.

Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ohùn àti àwòrán ti jẹ́ ọmọ ìyá méjì tí wọn kì í sábà gbé inú yàrá kan náà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Warner Bros. gbé The Jazz Singer jáde ní Amẹ́ríkà ní 1927, orí fíìmù ni àwòrán wà, orí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ni ohùn wà, a sì so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀ kí wọn lè jọ máa yí. Bí fíìmù bá já, tí a sì gé díẹ̀ kúrò kí a tó so ó, àwo kò mọ̀. Àwòrán á ti ṣíwájú, ohùn á máa wọ́ tẹ̀ lé e. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni láti fi fíìmù dúdú tí ó gùn tó èyí tí a gé dí àlàfo náà.

Títí di òní, bí kámẹ́rà bá ń ya àwòrán tí ẹ̀rọ mìíràn sì ń gba ohùn, ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Ìdí nìyẹn tí àwọn onífíìmù fi ń gbá pátákó méjì pọ̀ níwájú kámẹ́rà. Ojú rí ibi tí pátákó ti pàdé, etí gbọ́ ìró rẹ̀, olótùú yóò sì fi ọ̀kan lé orí èkejì. Ẹni tí kò ní pátákó lè pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ọwọ́ rẹ̀ hàn kedere.

Ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nìkan kò tó. Aago inú ẹ̀rọ méjì kì í rìn dọ́gba. Bí ìyàtọ̀ wọn kò bá ju 2 nínú 100,000 lọ, ní òpin wákàtí kan, ohùn yóò ti yà ní ìdá 72 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Bí a bá ń ya àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá, ó ti fẹ́ tó àwòrán méjì nìyẹn. Nítorí náà, ẹ pàtẹ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún pàtẹ́wọ́ ní ìparí. Ìyàtọ̀ tí ó bá wà láàárín méjèèjì ni a ó fi mọ bí a ó ti na ohùn tàbí bí a ó ti sún un kì.

Àṣìṣe tí ó tóbi ju èyí wà. Ẹ̀rọ ìgbàlódé ń wọn ohùn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan: ti àwo CD jẹ́ 44,100, ti fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n jẹ́ 48,000. Bí kọ̀ǹpútà bá ka ti 44,100 bí ẹni pé 48,000 ni, ọ̀rọ̀ wákàtí kan yóò parí ní ìṣẹ́jú 55 àti díẹ̀, ohùn bàbá àgbà yóò sì dà bí ti ọ̀dọ́mọkùnrin. Bákan náà, púpọ̀ nínú fóònù alágbèéká kì í ya iye àwòrán kan náà ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá. Ó yẹ kí a sọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ di oníye kan kí àtúntò tó bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni ìyàtọ̀ ti lè kéré tó kí òǹwòran má mọ̀? Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù dá a lábàá pé kí ohùn má ṣíwájú àwòrán ju ìdá 40 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá lọ, kí ó má sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ju ìdá 60 lọ. Kí ló dé tí a fi fàyè gba ìpẹ́lẹ́yìn ju ìṣíwájú lọ? Ẹni tí ó bá ń wo agégi lókèèrè á rí àáké tí ó balẹ̀ kí ó tó gbọ́ ìró rẹ̀. Ojú àti etí wa ti mọ̀ ọ́n lára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó gbọ́ ìró àáké rí kí ẹni náà tó gbé e sókè?

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀rọ̀ fífọ ohùn mọ́. Ẹ̀rù tí ó kọ́kọ́ ń ba onímọ̀ èdè ni pé ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ yóò dàrú, tí ọkọ́ yóò di ọkọ̀. Ẹ̀rù yìí kò fi gbogbo ara jẹ́ òótọ́. Bí fíìmù bá sáré díẹ̀, gbogbo ohùn ni ó jọ gòkè. Níwọ̀n bí a sì ti ń fi ọ̀kan wọn èkejì ni, ìtumọ̀ kì í yí padà. Tẹlifóònù àtijọ́ kì í gbé ohùn tí ó bá lọ sílẹ̀ ju 300 ìgbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá lọ, bẹ́ẹ̀ ohùn ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ a ń gbọ́ ara wa yé, nítorí pé etí ń fi ìyókù tí ó wà lókè mọ ìpìlẹ̀.

Ibi tí ewu wà gan-an ni ibi mẹ́ta. Èkíní ni kọ́ńsónáǹtì. Òkè réré ni ìró s fi ń yàtọ̀ sí ṣ, níbi tí ariwo ṣíṣì-ṣíṣì ẹ̀rọ náà ń gbé. Ẹni tí ó bá gé òkè náà kúrò kò ní mọ̀ bóyá ìyá àgbà sá ẹran tàbí ó ṣá ẹran. Èkejì ni òpin gbólóhùn. Ohùn wa máa ń rọlẹ̀, ó sì máa ń rẹ̀, bí gbólóhùn ti ń parí lọ, pàápàá bí ohùn ìsàlẹ̀ bá gbẹ̀yìn. Irinṣẹ́ tí ń pa ohunkóhun tí kò bá ròkè tó yóò gé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn jẹ. Ẹ sì mọ̀ pé ìkẹyìn ni kókó òwe máa ń wà.

Ẹ̀kẹta ni ó dùn mí jù. Irinṣẹ́ tuntun wà tí a kọ́ láti yọ ọ̀rọ̀ ènìyàn sọ́tọ̀, kí ó sì ka gbogbo ìyókù sí ariwo. Fún ẹni tí ń ka ìròyìn, ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n lójú irinṣẹ́ yìí, dùndún àti jẹnẹrétọ̀ lè di ọ̀kan náà. Ní ilẹ̀ tiwa, onílù ń sọ̀rọ̀. Ìgbà tí ó bá fún ọṣán lẹ́yìn tí ọ̀pá ti kan awọ ni ohùn ìlù ń yọ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìrù ìró náà gan-an ni irinṣẹ́ ń gé. Bí a bá pa ìlù rẹ́ lẹ́yìn oríkì, ìdajì ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni a pa rẹ́.

Kí ni kí a ṣe? Ẹ sún ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Èyí sàn ju àtúnṣe ọjọ́ iwájú lọ. Ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí irinṣẹ́ lè mọ ariwo tí ẹ fẹ́ kí ó dín. Ẹ dín in kù, ẹ má gbìyànjú láti pa á run. Bí ẹ bá dì í tán, ẹ wo fáìlì ìkẹyìn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kì í ṣe èyí tí ó wà lórí tábìlì àtúntò. Nítorí pé dídì ohùn sí AAC máa ń fi ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹ̀rọ tí ń gbé e jáde kò bá sì yọ ọ́, ohùn yóò pẹ́. Paríparì rẹ̀, ẹ tọ́jú ohùn àkọ́kọ́ bí ó ti wà, pẹ̀lú ariwo rẹ̀. Irinṣẹ́ ọ̀la lè gbọ́n ju ti òní, ṣùgbọ́n ohun tí a kò bá fi sílẹ̀ ni kò ní rí fọ̀.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Kí a rọra fi ọwọ́ mú un.